Aró Ara Ìbọn: Bí A Ó Ṣe Dáàbò Bò Ó Lọ́wọ́ Oòrùn àti Ọ̀rinrin

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nípa yàrá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilé-ìpàdé wa, ní Rantya, Jos

Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Mo ti fọ ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín jẹun lónìí.

Ìgbìmọ̀ ilé-ìpàdé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe tọ́jú àwọn ìbọn ọdẹ tí àwọn ìdílé kan ti ṣèlérí láti fi sí yàrá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. N kò lọ sí yunifásítì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi wá sí ìdí òwò. Ṣùgbọ́n ìṣó, àgádágodo, àdá àti ọkọ́ ni mo ń tà láti ọjọ́ yìí wá, ẹni tí ó bá sì ń ta irin ní Jos, ó ti di ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ìpẹtà. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, owó ni mo fi kọ́ ọ.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Nínú àwòrán ilé tí wọ́n fi hàn wá, àpótí onídígí tí ìbọn yóò wà nínú rẹ̀ wà níwájú fèrèsé ńlá tí ó kọjú sí títì, kí ẹni tí ń kọjá lè máa rí i. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a gbé àpótí náà kúrò níbẹ̀, kí a gbé e sí ara ògiri inú. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń tọ́jú. Bí ẹ bá wo ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n tọ́jú dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀pá rẹ̀ kò funfun bí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, kò sì dúdú bí èédú. Ó dúdú, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, àwọ̀ aró yóò yọ lára rẹ̀, bí aṣọ ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Òyìnbó ń pè é ní blueing. Èmi yóò máa pè é ní aró ìbọn.

Aró ìbọn kì í ṣe ọ̀dà tí a fi kun irin. Kì í sì í ṣe aró ẹlú. Ìpẹtà ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ọmọ ìyá méjì ni ìpẹtà: ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Ìpẹtà pupa ni èyí tí gbogbo wa mọ̀, tí ń jẹ irin bí ikán ti ń jẹ igi, tí kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ìpẹtà dúdú kì í jẹ irin. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn ni, bí awọ ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Àwọn tí ń ṣe ìbọn mọ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n sọ pupa di dúdú. Ní ayé àtijọ́, wọ́n á pọ́n ọ̀pá ìbọn kí ó dán, wọ́n á fi oògùn kan pa á kí ó lè yọ ìpẹtà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá sè é nínú omi híhó. Omi híhó náà ni yóò sọ ìpẹtà pupa di dúdú. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì ha èyí tí kò lẹ̀ dáadáa kúrò, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ìbọn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá rí ọ̀nà tí ó yá jù, tí wọ́n ń ri irin bọ inú omi sódà tí ó ń hó ní nǹkan bí 140 ìwọ̀n Celsius, tí yóò sì dúdú láàárín wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ó dára kì í wọ inú omi sódà yẹn. Òjé tí a fi tin lú ni wọ́n fi so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, omi náà a sì máa jẹ òjé. Ẹ gbọ́ o, tin ni mo wí, ohun tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Tin yìí ni ó mú kí wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní ọdún 1914, òun náà ni ó sì fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa wá sí orí òkè yìí. Ohun tí a wà níhìn-ín nítorí rẹ̀ wà nínú oríkèé ìbọn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn nípa aró ìbọn. Èkíní, ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí a bá pín ìnípọn irun orí ènìyàn sí ọ̀nà 20, aró ìbọn kò tó ìdá kan níbẹ̀. Èkejì, ó ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, òróró ni ó sì ń dí àwọn ihò náà. Aró nìkan kò lè gba irin sílẹ̀. Aró àti òróró ni ó jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mú òróró kúrò, aṣọ tí ó ti lu jára ni ó fi bo irin.

Nísinsìnyí ni mo lè sọ̀rọ̀ oòrùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oòrùn ń pa aró ìbọn rẹ́ bí ó ti ń pa àwọ̀ aṣọ tí a sá rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe aró ìbọn ní nǹkan kan. Bí ẹ bá rí ìbọn tí aró rẹ̀ ti ń pọ́n bí èso àgbálùmọ̀ tí ó pẹ́ nílẹ̀, irú irin náà tàbí bí wọ́n ti sè é ni ó sábà máa ń fà á. Kí ni oòrùn wá ń ṣe? Òróró ni ó ń pa.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kọ́ ọ. Àdá tí wọ́n ń kó wá fún wa láti ilé iṣẹ́ a máa ní òróró fẹ́ẹ́rẹ́ lára. Ọdún kan, mo to páálí àdá sí ọ̀nà méjì: díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án, ìyókù sí kọ̀rọ̀ inú níbi tí ó ṣókùnkùn. Mo rò pé ti kọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà, nítorí ibẹ̀ ni a máa ń sọ pé ó tutù. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi parí, ti ẹnu ọ̀nà ni ó ti pupa. Ti kọ̀rọ̀ ṣì ń dán. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Oòrùn ti mú òróró gbẹ kúrò lára ti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ dé, ìhòòhò ni irin wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé oòrùn kì í jẹ irin, ilẹ̀kùn ni ó ń ṣí fún omi.

Ohun kejì tún wà tí oòrùn ń ṣe, èyí sì le jù ní Jos níhìn-ín. Ibi tí a wà ga tó 1,200 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Ọ̀sán wa a máa mú, òru wa a sì máa tutù. Nígbà ọyẹ́, ẹni tí ó ń làágùn ní agogo méjì ọ̀sán lè máa wá bùláńkẹ́ẹ̀tì ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Bí oòrùn bá gba ojú dígí wọ inú àpótí, inú àpótí náà yóò gbóná ju ìta lọ. Igi àti aṣọ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa tú ọ̀rinrin ara wọn sínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, ọ̀rinrin náà yóò wá ibi tí ó tutù jù bà lé, irin sì ni ó máa ń tutù jù. Ẹ ti rí bí ìgò ohun mímu tútù ti ń làágùn lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbọn yóò máa làágùn nínú àpótí wa, lóru, nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó.

Igi ìdí ìbọn náà kò ní ṣàì jìyà. Igi ni oòrùn ń bà jẹ́ ní tòótọ́. Yóò ṣá, yóò gbẹ, yóò sì là, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ Jos kì í ní omi rárá nínú.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kàn. Òjò wa bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin, ó di oṣù kẹwàá kí ó tó dá. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni ó máa ń pọ̀ jù. Ní àkókò yìí, iyọ̀ inú àwo a máa yọ́, bàtà awọ a máa hu, àwọn ìyá wa sì mọ bí aṣọ ti ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Kò dìgbà tí òjò bá kan irin kí ó tó dípẹtà. Àwọn tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ máa ń fi ìwọ̀n ṣírò ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Fún ìbọn tí ó ní irin àti igi lára, wọ́n fẹ́ kí ó wà láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ti ga jù 60 lọ, ìpẹtà ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ohun kékeré kan tí ń jẹ́ hygrometer ni wọ́n fi ń wò ó, kò sì wọ́n.

Omi mìíràn tún wà tí a kì í kà sí omi: òógùn ọwọ́ wa. Iyọ̀ wà nínú òógùn, iyọ̀ sì ni oúnjẹ ìpẹtà. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán gbé ìbọn aláró lónìí, tí kò nù ún, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àmì ìka rẹ̀ yóò yọ ní pupa lára rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ̀ka sí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. Nílé wa lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n baba mi jẹ́ ọdẹ, ó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò lọ sí igbó mọ́. Mo wálé fún ọdún, mo rí ìbọn náà nínú àpò awọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní irú nǹkan báyìí kò yẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí àlejò lè máa rí i. Bàbá gbà, nítorí pé mo ti Jos wá, wọ́n sì rò pé mo lajú. Mo kan ìṣó mọ́ ògiri tí ó kọjú sí fèrèsé, mo gbé e kọ́, mo padà sí Jos.

Ọdún kejì ni mo tó tún wálé. Ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ọ̀pá fara kan ògiri, àti ní ibi tí ìṣó gbé e dúró. Ojú tì mí. Kí Bàbá tó jí ní òwúrọ̀, mo mú ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, bí ìyá mi ti ń fi í fọ ìkòkò, mo sì fọ ìbọn náà. Ìpẹtà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aró náà bá a lọ. Ọ̀pá tí ó dúdú bí ẹtù láti ìgbà tí n kò tíì dáyé di eérú-eérú lójú mi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi kíkan kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpẹtà pupa àti dúdú. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ó ń pa wọ́n pọ̀ ni.

Bàbá jókòó, ó gbé ìbọn náà lé orí itan, ó fi àtàǹpàkò pa á lára láti ìdí dé ẹnu. Kò pariwo. Ó kàn ní, “O fọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n o bọ́ ọ láṣọ.” Wọ́n ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. A dá ìbọn náà padà fún ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò ní etí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àwọn ìdílé tí wọ́n fẹ́ fi ti baba wọn lé wa lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wálé lọ́dún kejì kí wọ́n bá a ní ìhòòhò.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo to ó báyìí, kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkíní, ibi tí àpótí yóò wà. Kí ó wà lára ògiri inú ilé, níbi tí oòrùn kì í dé ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó má fara kan ògiri, nítorí bíríkì àti kọnkéré a máa fa omi ilẹ̀ mu. Kí a fi ààyè tí ó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí a ta kọ́tíìnì tí ó nípọn sí fèrèsé yàrá náà.

Èkejì, àpótí fúnra rẹ̀. Dígí àti irin tí a ti kùn, tí ọ̀dà rẹ̀ sì ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ni ó dára jù. Igi tútù àti páákó tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ a máa tú èémí kíkan jáde, èémí yẹn a sì máa jẹ irin bí ọsàn wẹ́wẹ́ mi ti jẹ ẹ́, àfi pé òun rọra ń ṣe tirẹ̀. Kí a má fi aṣọ onírun tàbí rọ́bà tẹ́ inú rẹ̀. Ibi tí ìbọn yóò fara lé, kí a fi ọ̀rá tí ó mọ́ wé e. Kí a má sì fi gílóòbù tí ń gbóná sínú rẹ̀. Bí iná bá wà yóò gbóná, bí wọ́n bá mú iná lọ yóò tutù, ọ̀ràn oòrùn ni a tún bẹ̀rẹ̀ yẹn. Kí iná wà ní òde àpótí, kí ó jẹ́ irú èyí tí kì í gbóná.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ń mu ọ̀rinrin. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàtà ni ẹ mọ àpò kékeré tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí hóró wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ sí i lára pé kí a má jẹ ẹ́. Silica gel ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má dà á nù mọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mu. Àpò kékeré mẹ́ta kò lè tó àpótí ńlá. Kí a ra èyí tí wọ́n ń tà ní ìwọ̀n kílò, irú tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ó bá ti mu omi yó. Bí ó bá ti yó, kí a yan án lórí iná jẹ́jẹ́ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi padà, kí a sì tún lò ó. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ọyẹ́ bá dé, kí a dín in kù, kí igi má baà là.

Ẹ̀kẹrin, òróró. Kí a fi aṣọ òwú tí ó rọ̀ tí ó sì mọ́ nu ọ̀pá náà, kí a wá fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ pa á lára, díẹ̀ ni mo wí. Kí a fi aṣọ mìíràn nù ún títí yóò fi ku bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Òróró tí ó bá pọ̀ jù yóò ṣàn wọ inú igi, igi yóò sì jẹrà. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹnu ìbọn dagun díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí a bá gbé e kọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó tún un pa. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ń lo ìda funfun kan dípò òróró. Renaissance Wax ni orúkọ rẹ̀, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlú Ọba, ìyẹn British Museum, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ó máa ń pẹ́ lára irin ju òróró lọ, eruku kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bí owó bá wà, kí a rà á.

Ẹ̀karùn-ún, ọwọ́. Ẹni méjì péré ni kí ó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, kí wọ́n sì máa wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fara kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ìwé kan wà tí wọ́n yóò máa kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i àti ohun tí wọ́n rí.

Àwọn ohun tí a kò gbọ̀dọ̀ ṣe náà wà. Kí a má fi ìbọn pamọ́ sínú àpò awọ. Oògùn tí wọ́n fi ṣe awọ wà nínú rẹ̀, awọ a sì máa di omi mú. Kí a má fi ọ̀rá dì í pa. Kí a má fi sáńpépà tàbí kànrìnkàn onírin ha á. Kí a má fi ọsàn, fínígà tàbí eérú kàn án. Kí a má fi epo ọkọ̀ tí a ti lò pa á, ẹ̀gbin kíkan wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì bínú sí mi, ẹ̀yin bàbá: epo pupa dára fún Ògún ní ojúbọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára fún ìbọn inú àpótí. Yóò kan, yóò lẹ̀, eruku yóò sì fi ṣe ilé. Bí a bá rí ìpẹtà pupa kékeré, kí a kán òróró sí i, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a fi aṣọ rọra nù ún. Bí kò bá lọ, kí a dúró níbẹ̀. Ìlú wa ni wọ́n ti ṣí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní ọdún 1952, ìlú wa náà ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá odò kò gbọdọ̀ fi itọ́ fọ ojú. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí yóò mú ìbọn ṣakabùlà wá. Púpọ̀ nínú wọn kò ní aró lára. Bí tiwọn bá pọ́n tàbí bí ó bá rí bí àwọ̀ ilẹ̀, bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má kùn ún ní dúdú kí ó lè jọ ti òyìnbó. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ogun Kírìjí, kí ìbọn tuntun tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó tó dojú kọ wọ́n, tí ìró rẹ̀ sì fún ogun náà lórúkọ. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọdún 1886, ìbọn ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí a kò gbàgbé. Ṣakabùlà tí a yìn tí a kò fọ inú rẹ̀ a máa jẹrà láti inú wá, nítorí eérú ẹ̀tù a máa fa omi. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a wádìí bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tí ó mọṣẹ́ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀, kí ó sàmì sí ibi tí igi dé, kí ó sì wọn igi náà mọ́ òde ọ̀pá. Bí igi kò bá dé ibi tí ihò iná wà, nǹkan kan ń bẹ nínú rẹ̀. Ìbọn tí ó ti wà ní àjà fún 40 ọdún ṣì lè pa ènìyàn.

Èyí ni ó gbé mi dé ìdí kejì tí n kò fi fẹ́ kí àpótí wà lójú fèrèsé. Gbogbo wa ni a wà ní Jos yìí. A rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. A rántí oṣù kọkànlá ọdún 2008, a rántí oṣù kìíní ọdún 2010. Àwọn aládùúgbò wa, Berom, Hausa, Igbo àti àwọn mìíràn, rántí bí a ti rántí. Ẹni tí ń kọjá ní títì, tí ó rí ìbọn nínú ilé àwọn Yorùbá, kò ní dúró ka ìwé tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ti ọdẹ kan ni láyé àtijọ́. Ohun tí ó rí ni yóò lọ ròyìn. Àwa tí a jẹ́ àlejò tí ó ti di ará ilé, ojú aládùúgbò wa ni aṣọ wa. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa bọ́ ọ.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀, ìwé àṣẹ ni ó fẹ́. Nítorí náà kí ìbọn kankan má wọ ilé yìí kí àwọn olórí wa tó lọ rí ọlọ́pàá, kí a sì gba àṣẹ lórí ìwé. Kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ di èyí tí kò lè dún mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bá wẹ́dà kí ó fi iná jó ẹnu rẹ̀, nítorí iná náà yóò ba aró jẹ́ láti òkè dé ilẹ̀. Kí a sì pe àwọn àgbà àdúgbò, ti ẹ̀yà gbogbo, wá sí ọjọ́ ìṣíde, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, kí wọ́n fi ọwọ́ kan dígí náà, kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, owó ni a fẹ́ dá lónìí. Mo mọ̀ pé àga onítìmùtìmù àti fáànù ni ó kọ́kọ́ wà lórí ìwé ìnáwó. N kò ní kí a má rà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a yọ owó àpótí rere kan, ti kọ́tíìnì kan, ti silica gel àti ti òróró sọ́tọ̀ kí a tó ra àga ìkẹyìn. Kò pọ̀. Àga tí ó bá fọ́, a lè ra òmíràn ní ọjà. Aró ara ìbọn baba ẹni, kò sí ọjà tí a ti ń rà á.

Èmi náà yóò bẹ̀rẹ̀. Mo fi òróró ọdún mẹ́ta àti ìbọ̀wọ́ ṣe ìdáwó tèmi, mo sì fi ara mi sílẹ̀ láti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí yóò máa mú kọ́kọ́rọ́, bí ẹ bá fọkàn tán ẹni tí ó ti ba ìbọn kan jẹ́ rí. Ẹni tí iná ti jó rí ni ó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ iná.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé-ìpàdé wa parí láyọ̀, kí ó dá àlàáfíà Jos padà pátápátá, kí ó má jẹ́ kí ogún baba wa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣe.